Ìwé Ìlera Ìdílé Ẹlẹ́wọ̀n

Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni adájọ́ ń pè nígbà tí ó bá ń dá ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìyàwó àti ọmọ a máa jẹ nínú ìyà náà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ìyà kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í tètè rí: ọ̀nà tí ìdílé ń gbà rí ìtọ́jú dókítà a máa bá iṣẹ́ ọkọ lọ.

Ní ilẹ̀ náà, ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí adójútòfò ìlera gbà. Ọ̀gá a san apá kan owó rẹ̀, a ó sì yọ apá kejì nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ti ọkùnrin náà mọ́lé, tí ọ̀gá rẹ̀ sì dá a dúró, okùn náà já.

Irú èyí ni ó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní Houston. Lẹ́tà kan ti ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wá, ó sì fi í sábẹ́ ibùsùn láìṣí i, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni. Nígbà tí ó ṣí i níkẹyìn, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. “Bàbá,” ni ó wí, “ẹ bá mi kà á, ojú ń tì mí.” Ọjọ́ 41 ti kọjá lára ọjọ́ 60 tí òfin fún un láti dáhùn.

Òfin náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní COBRA, tí Ààrẹ Reagan fi ọwọ́ sí ní 1986. Ó pa á láṣẹ fún ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 20 pé, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, kí òun àti ará ilé rẹ̀ lè máa bá adójútòfò náà lọ fún oṣù 18, bí wọ́n bá ń san owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bọ́ ni òfin náà ń wò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwà tí ó burú jáì ni a torí rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ náà, a lè fi ẹ̀tọ́ yìí dù wọ́n.

Ohun tí ó ya ọmọ wa lẹ́nu ni pé òfin kò so ẹ̀tọ́ tirẹ̀ mọ́ ti ọkọ. Ọkọ lè kọ̀, kí ìyàwó sì gbà. Ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n kì í sábà jẹ àǹfààní ìwé náà, nítorí ọ̀pọ̀ ètò kì í san owó ìtọ́jú inú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìjọba tí ó tì í mọ́lé ni ó gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ náà wí ní 1976, nínú ẹjọ́ Estelle àti Gamble.

Owó ni ìṣòro. Gbogbo iye tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jùmọ̀ ń san tẹ́lẹ̀ ni ìdílé yóò dá san, a sì lè fi 2 nínú 100 kún un. Nítorí náà a ní kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà mìíràn. Ó fi àwọn ọmọ sínú CHIP, ètò tí a dá sílẹ̀ ní 1997 fún ọmọ àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Ó wá gba COBRA fún ara rẹ̀ nìkan, kí ó má baà fi dókítà tí ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ó dáhùn, ó tún ní ọjọ́ 45 láti san owó àkọ́kọ́.

Òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́. Ìtìjú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ènìyàn máa ń gbé lẹ́tà wá. Bí obìnrin kan bá gbé irú ìwé yìí wá, tí ó sì dorí kodò, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Ẹ wo ọjọ́ tí a kọ sórí ìwé náà, kí ẹ sì bá a ka iye ọjọ́ tí ó kù.