Odò Kan, Aago Méjì

Tọkọtaya tí òkun wà láàrín wọn a máa ka wákàtí ju bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ lọ. Fún ọdún mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wa fi wà ní Las Vegas nítorí ẹ̀kọ́, tí èkejì sì ń ṣe olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, wákàtí mẹ́sàn-án ni ó ń yà wá ní ìgbà òtútù, mẹ́jọ ní ìgbà ooru. Bí ọ̀kan bá jí ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ òtútù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù lọ́dọ̀ èkejì. Tẹlifóònù ni ó gbé ìgbéyàwó wa ró. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn méjì jọ dákẹ́: bí a bá ti dákẹ́, a ó rò pé ìlà ti já.

Ní oṣù Kejìlá, olùkọ́ rí ìwé ìrìnnà gbà, ó sì dé. A bá ara wa nínú yàrá kan náà, a ń fi ọ̀wọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ bí àlejò. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ dá sílẹ̀: iṣẹ́ ti wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣé kí a tún fi ọdún díẹ̀ kún ìyapa ni, àbí kí a kó ilé wa jọ? Dípò kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, a lọ wa ọkọ̀ ní Black Canyon.

Ọ̀gbun ńlá ni Black Canyon, tí odò Colorado là gba àárín àpáta aṣálẹ̀ kọjá, ní ìsàlẹ̀ Hoover Dam. A kọ́ ìsédò náà láti ọdún 1931 sí 1936; gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 221. Ẹni tí ó bá ń bá omi lọ, Nevada ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, Arizona lọ́wọ́ òsì. Ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì sì gba àárín omi. Ààlà inú omi kò ṣàjèjì sí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó mọ odò Okpara, tí ó pààlà sáàrín Benin àti Nàìjíríà. Aago ni ó yà wá lẹ́nu. Arizona kì í yí aago rẹ̀ padà bí Nevada ti ń ṣe. Nítorí náà, ní ìgbà òtútù, bí aago mẹ́wàá bá lù ní etí odò kan, mọ́kànlá ti lù ní etí kejì. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín: ẹrù tí a ti ń rù fún ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé wa dé orí omi.

Káyáàkì elénìyàn méjì ni a wọ̀, ọkọ̀ tóóró tí a fi ń jókòó tẹ̀ léra. Ẹni iwájú ni ó ń dá ìlù àjẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni ó ń tọ́ ọkọ̀, tí ó sì ń wo ọwọ́ ẹni iwájú. Bí ọwọ́ kò bá ṣe déédéé, àjẹ̀ a gbá àjẹ̀. Olùkọ́, tí kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ni ó jókòó síwájú. Ẹ̀wù ìléfòó wà lọ́rùn wa, ṣùgbọ́n omi náà tutù gan-an, nítorí láti inú ibú adágún Lake Mead ni ìsédò ti ń tú u jáde: nǹkan bí ìwọ̀n 12 ní Celsius ni, ooru ìbáà jẹ́ òtútù. Ẹni iwájú kì í rí ẹni ẹ̀yìn; ó ní láti gbà pé ó wà níbẹ̀ ni. Nígbà tí ó yá, a ṣàkíyèsí pé a ti dákẹ́ tipẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà kò sì bà wá lẹ́rù.

Lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan, a fa ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní etí Arizona, a sì fi ẹsẹ̀ wọ ọ̀gbun tóóró tí omi gbígbóná ti ń ṣàn jáde, tí wọ́n ń pè ní Arizona Hot Springs. A gun àkàbà irin kan, gíga rẹ̀ tó mítà mẹ́fà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń dà sílẹ̀. Pátákó kan kìlọ̀ pé kí omi náà má ṣe wọ imú ẹnikẹ́ni, nítorí kòkòrò tín-ín-tín tí ó lè gba ibẹ̀ dé ọpọlọ. A jókòó, omi dé àyà wa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Olùkọ́ ní òun kò fẹ́ ka wákàtí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní owó iṣẹ́ yẹn ni a ó fi san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò wa ní Kétu. Òtítọ́ ni méjèèjì, kò sì sí èyí tí ó gba ẹnu èkejì. Ní etí odò yẹn, wákàtí mẹ́jọ péré ni ó wà láàrín wa àti Àjàṣẹ́. A fohùn ṣọ̀kan pé kí iṣẹ́ náà jẹ́ ọdún kan, kì í ṣe ọdún díẹ̀, a sì dá oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà. Owó tí a kọ̀ sílẹ̀ kò kéré. Àwọn àbúrò yóò mọ̀ ọ́n lára, àwa náà yóò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà a padà sínú ọkọ̀, a sì wà á dé Willow Beach, tí ó tó kìlómítà 19 sí ẹsẹ̀ ìsédò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń múra àti lọ sí òkè òkun, a kò kọ èyí láti dá yín lẹ́kun àjò. Ẹni tí kò bá rìn kò lè mọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìyapa tí ó ní òpin ni ọkàn lè rù. Kí ẹ tó dágbére fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ jọ dá ọjọ́ ìpadàbọ̀, kí ẹni tí ó wà nílé lè mọ ìgbà tí aago yóò di ọ̀kan.