Èló Ni Wọ́n Ra Àga Náà?

Ní àdúgbò Bayerisches Viertel ní ìlú Berlin, pátákó kékeré kan wà lára òpó iná. Àwòrán búrẹ́dì ló wà lójú kan. Ojú kejì ni wọ́n kọ òfin oṣù Keje 1940 sí: aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nìkan ni Júù lè ra oúnjẹ ní Berlin. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọjà ni mo kọ́kọ́ rò. Kí ló máa ṣẹ́ kù lórí àtẹ ní aago mẹ́rin, lásìkò ogun tí ìjọba ń fi káàdì pín oúnjẹ? Ìbéèrè kejì ni kò jẹ́ kí n gbádùn títí mo fi délé: ta ló ń wo aago?

Kì í ṣe Hitler. Kì í ṣe ọlọ́pàá náà, torí ọlọ́pàá kò lè pọ̀ tó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni. Òun ló máa gbójú sókè wo ara ògiri, tí yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ àtayébáyé pé, "Ẹ padà wá tó bá di aago mẹ́rin."

Irú pátákó bẹ́ẹ̀ 80 ni Renata Stih àti Frieder Schnock gbé kọ́ sí àdúgbò náà ní 1993. Ọ̀kan sọ pé bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò sàmì sí nìkan ni Júù lè jókòó lé ní Bayerischer Platz. Òmíràn sọ pé Júù kò gbọdọ̀ sin ẹran inú ilé mọ́. Albert Einstein gbé àdúgbò yìí rí. Nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn pátákó náà kọ́, àwọn kan níbẹ̀ rò pé àwọn tó kórìíra Júù ló ń gbé wọn kọ́, wọ́n sì ké sí ọlọ́pàá. Ó wú mi lórí. Ó tún bí mi nínú díẹ̀, pé 1993 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ké sí ọlọ́pàá.

Mo ti lọ sí Auschwitz ní Póláǹdì kí n tó dé Berlin. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa ìpakúpa àwọn Júù máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Bíi 1,100,000 ènìyàn ni àwọn Nazi pa níbẹ̀, Júù sì ni bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn. Mo rí àwọn báàgì tí àwọn tó ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí sí lára, bí ẹni tó retí pé òun yóò tún rí ẹrù òun gbà. Mo sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn létí: ẹkún yẹn rọrùn fún mi. Ìwà ìkà ibẹ̀ tóbi débi pé àlejò kò lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó kú ni gbogbo wa ń lọ dúró sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ká yàn. Nídìí pátákó búrẹ́dì, n kò ríbi sá sí. Èmi náà mọ ọjà tà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹrù. Kí wọ́n tó kó Júù kan kúrò ní Berlin, wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù olójú ewé 16 pé kó ka gbogbo ohun tó ní sílẹ̀. Òfin 25 oṣù Kọkànlá 1941 sọ pé ìjọba ló ni ẹrù ẹni tí wọ́n bá ti kó kọjá ẹnubodè. Ìjọba kò sì fẹ́ fi àga ṣe nǹkan kan. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Ní Hamburg, níbi tí wọ́n tún ti ń kó ẹrù àwọn Júù ilẹ̀ Netherlands dé, òpìtàn Frank Bajohr ṣírò pé ó kéré tán 100,000 ará ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ ló ra nínú ẹrù náà láàárín 1941 sí 1945. Ojú gbangba ni wọ́n ti ń tà á.

Ibi tí mo bá a dé nìyí tí maṣíìnì màmá mi fi já wọ inú ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Aránṣọ ọmọ Gánà kan wà ládùúgbò wa ní Mushin. Ó ru maṣíìnì rẹ̀ wá lálẹ́, ó sọ iye tó fẹ́ gbà. Màmá mi dá ìdajì. Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀. Màmá mi tún yọ díẹ̀ kúrò lára ìdajì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi gan-an wà lára àwọn tí ìjọba Busia lé kúrò ní Gánà ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n fún wọn, ó sì fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kumasi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Omijé ni màmá mi fi ń sọ ìtàn yẹn fún wa. Maṣíìnì ọmọ Gánà ló sì rán yunifọ́ọ̀mù wa.

N kò fi 1983 wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù. Mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n pa. Aránṣọ náà wọkọ̀ lọ sílùú rẹ̀. Iye owó ni mo ń wò. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ará Jámánì sọ pé àwọn kò mọ ibi tí wọ́n ń kó aládùúgbò àwọn lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan má mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àga olówó gọbọi ní owó pọ́ọ́kú ti mọ ohun kan: ẹni tó ni ín kò ní padà wá béèrè rẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, kò ní náwó lé e. Màmá mi mọ̀ nígbà tó yọwó lẹ́ẹ̀kejì. Iye tí ènìyàn fi ra nǹkan jẹ́ ẹ̀rí ohun tó mọ̀, kò sí ohun tó lè fẹnu sọ lẹ́yìn náà tó lè pa ẹ̀rí yẹn rẹ́.

Ẹ̀yin òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín bá fẹ́ kó wọn lọ sí Auschwitz, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ku owó ọkọ̀, ẹ mú wọn dé Bremen. Ohun ìrántí kan wà níbẹ̀ létí odò Weser, tí wọ́n ṣí ní 2023 nítorí ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Júù. Ẹ bi ọmọ yín níbẹ̀ pé ta ló ra àga náà, èló ló sì rà á. Ẹ má jẹ́ kó yára dáhùn.