Ẹ Má Ṣe Dúró Sọ́dọ̀ Fáráò

Bí ìpàdé ẹgbẹ́ bá ti parí, tí àmàlà wọlé, tí ẹnìkan sì dá ọ̀rọ̀ ìtàn sílẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi ní: "Ṣé ẹ mọ̀ pé Íjíbítì ni Odùduwà ti wá?" Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó tọ́ka sí apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà. Àlùfáà J. Olumide Lucas tún fi odindi ìwé jà fún un ní 1948. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo lọ wo àwọn ọba Íjíbítì ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí.

Ẹni tó bá wọ yàrá 4 kò lè ṣàìrí Ramesses Kejì, ọba tó lo ọdún 66 lórí oyè. Láti orí dé àyà nìkan ni ère náà, síbẹ̀ ó wúwo ju tọ́ọ̀nù méje lọ. Ẹ wò ó dáadáa: àwọ̀ méjì ni òkúta náà ní. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti mọ ibi tí àwọ̀ ti yí padà, ó fi apá tó pọ́n ṣe ojú ọba, ó fi èyí tó dúdú ṣe ara. Ihò kan wà ní àyà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn Faransé tó bá Napoleon lọ ló lu ú, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ tí apá wọn ò ká a. Ní 1816, Belzoni ará Ítálì kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n fi okùn àti igi wọ́ ọ dé etí odò Náílì. Ọba tí ayé ń wárí fún, okùn ni wọ́n fi wọ́ ọ.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti pẹ́ jù. Àwọn ère kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣábítì, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ń dán. Wọ́n di ọkọ́ mú, wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá pe olówó wọn sí iṣẹ́ oko lọ́run, àwọn ni yóò jẹ́ ìpè dípò rẹ̀. Láyé àwọn ọba àkọ́kọ́, ní Abydos, ènìyàn gidi ni wọ́n ń sin yí ibojì ọba ká. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé abọ́bakú fún. Ní Íjíbítì, àṣà yẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn rẹ̀ ni ère wá gba iṣẹ́ náà.

Nígbà tó ṣe, iye ṣábítì tí wọ́n ń kó ti èèyàn pàtàkì di 401. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti fò sókè: "Irúnmọlẹ̀ irinwó lé ọ̀kan!" Ẹ fara balẹ̀. Òṣìṣẹ́ 365 ni tiwọn, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, pẹ̀lú ọ̀gá 36 tó mú pàṣán dání láti máa darí wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí ló kan irúnmọlẹ̀ níbẹ̀? Jíjọ kì í ṣe ìbátan. Níbi tí ọba bá ti lágbára púpọ̀, kì í fẹ́ dá lọ sọ́run. Kò dìgbà tí ìlú méjì bá jẹ́ ọmọ ìyá kí wọ́n tó ronú bẹ́ẹ̀.

Íjíbítì wà lókè. Ìsàlẹ̀ ilé, ní yàrá 25, ni wọ́n kó ìyókù Áfíríkà sí. Ibẹ̀ ni orí idẹ ọba Ifẹ̀ wà. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú irú rẹ̀ mélòó kan jáde. Èyí dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ilà tín-ín-rín kún ojú rẹ̀, adé rẹ̀ jẹ́ onílẹ̀kẹ̀, ṣóńṣó iwájú adé náà sì tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ayé Ramesses dé ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ ju 2,500 ọdún lọ.

Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, kò gbà pé wọ́n lè dá a ṣe. Ó ní àwọn Gíríìkì Atlantis ló wà nídìí rẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ, inú á bí wa. Àwa tí à ń fi Fáráò yangàn ńkọ́? Bí ògo Ifẹ̀ kò bá lè pé àfi kí Íjíbítì jẹ́ baba rẹ̀, ohun tí Frobenius sọ náà la tún ń sọ. Gíríìkì nìkan la yọ kúrò. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ British Museum. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ wo òkú tí wọ́n fi aṣọ dì, ẹ má tíì kọrí sílé. Ẹ mú wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá 25, ẹ fi orí yẹn hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ará Ifẹ̀ ló rọ ọ́, ní Ifẹ̀.