Veracruz, Ẹnubodè Mẹ́síkò Létí Òkun

Bí a bá dárúkọ Mẹ́síkò, Cancún ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé iyanrìn ibẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Mẹ́síkò ṣe di Mẹ́síkò, Veracruz ni kí ó gbà lọ. Iyanrìn ti ibẹ̀ dúdú díẹ̀, kò wu ojú púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nígbà òtútù ẹ̀fúùfù líle kan máa ń ti àríwá fẹ́ wá tí í ṣí fìlà lórí ẹni. Ìpínlẹ̀ gbọọrọ ni, ó tẹ́ lọ létí òkun ní nǹkan bí 700 kìlómítà. Òkè Orizaba tí ó ga jù ní gbogbo Mẹ́síkò wà ní ààlà rẹ̀. Ó ga ju 5,600 mítà lọ, òjò dídì sì wà lórí rẹ̀ bí láwàní.

Ọdún 1519 ni Hernán Cortés, ará Sípéènì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Láti ìgbà náà, fún bí 300 ọdún, èbúté yìí ni fàdákà Mẹ́síkò ń gbà jáde lọ sí Sípéènì, òun náà ni aṣọ, irinṣẹ́ àti àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ adúláwọ̀ ń gbà wọlé. Ní erékùṣù kékeré kan lọ́gangan iwájú èbúté ni àwọn Sípéènì kọ́ ilé olódi San Juan de Ulúa sí. Òkúta tí àwọn ẹ̀dá inú òkun mọ ni wọ́n gé fi kọ́ ọ, bí ẹ bá sì sún mọ́ ògiri rẹ̀, ẹ óò rí ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Mẹ́síkò gba òmìnira ní 1821, ṣùgbọ́n àwọn Sípéènì kò fi ilé olódi yìí sílẹ̀ títí di oṣù Nòfẹ́ḿbà 1825.

Wọ́n tún sọ ibẹ̀ di ẹ̀wọ̀n. Wọ́n pe ìyàrá kan ní Ọ̀run Àpáàdì, wọ́n sì pe òmíràn ní Àlùjánnà, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn àti ọ̀rinrin ni gbogbo rẹ̀. Benito Juárez tí ó di olórí ìjọba lẹ́yìn náà wà ní àhámọ́ níbẹ̀ ní 1853. Ní 1838 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ogun Faransé dé, wọ́n sì yin àgbá lu ilé olódi náà. Kí ni ẹ rò pé ó fa ìjà? Owó ni Faransé ń bèèrè fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jìyà ní Mẹ́síkò, ẹnìkan tí ń ṣe kéèkì tà sì wà lára wọn, tí ó ní àwọn sójà ba ìsọ̀ òun jẹ́. Ogun Alákéèkì ni wọ́n ń pè é títí di òní. Níbẹ̀ ni ọ̀gágun Santa Anna ti pàdánù ẹsẹ̀ kan, ó sì sin ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú ayẹyẹ àwọn ológun ní 1842!

Ṣùgbọ́n ibi tí àwa ìbá fẹ́ kí gbogbo ọmọ adúláwọ̀ dé ni ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Yanga, nítòsí Córdoba. Ní nǹkan bí ọdún 1570, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Yanga, tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, sá lọ sínú òkè. Àwọn mìíràn sá tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n kọ́ ahéré, wọ́n gbin àgbàdo àti òwú, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà. Ohun tí ó lé ní 30 ọdún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní 1609 ìjọba rán ọmọ-ogun sí wọn. Yanga ti darúgbó nígbà náà. Wọ́n sun ahéré wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí àwọn ènìyàn náà kó. Níkẹyìn ìjọba gbà pé kí wọ́n di òmìnira, kí wọ́n sì ní ìlú tiwọn. Àdéhùn náà ní ẹ̀gún nínú o: àwọn ará Yanga ṣèlérí pé bí ẹrú mìíràn bá sá wá, àwọn yóò dá a padà fún olówó rẹ̀. Ó ṣòro láti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn nínú igbó ni ó lè sọ ohun tí òun ìbá ṣe. San Lorenzo de los Negros ni a ń pe ìlú náà tẹ́lẹ̀. Ní 1932 ni wọ́n sọ ọ́ ní Yanga. Ère rẹ̀ dúró níbẹ̀, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀.

Vicente Guerrero, olórí ìjọba tí ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ wà lára rẹ̀, ni ó fòpin sí ìfinisẹ́rú ní Mẹ́síkò ní 1829. Síbẹ̀, ó di ọdún 2019 kí òfin ilẹ̀ náà tó dárúkọ àwọn ọmọ adúláwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn rẹ̀. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé wọ́n lé ní 2,500,000.

Bí ẹ bá wá kọjú sí àríwá, ẹ óò dé Papantla, ìlú àwọn Totonac. Ibẹ̀ ni ọkùnrin márùn-ún ti ń gun òpó gíga. Ọ̀kan jókòó sókè, ó ń fọn fèrè, ó sì ń lùlù, àwọn mẹ́rin yòókù fi okùn so ara wọn mọ́ òpó, wọ́n dorí kodò, wọ́n sì ń yí bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òjò ni àwọn baba wọn fi ń tọrọ. Kò jìnnà síbẹ̀ ni El Tajín wà, ìlú àtijọ́ tí ó ti di ahoro láti nǹkan bí 800 ọdún. Ilé olókùúta kan níbẹ̀ ní ihò 365 lára, iye ọjọ́ inú ọdún.

Ẹ̀yin ìyá wa, Papantla náà ni orísun fàníllà tí ń mú kéèkì àti áísìkiriìmù ta sánsán. Ìtàkùn ni, òdòdó rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn òyìnbó gbé e lọ gbìn sí ilẹ̀ mìíràn, ó ta òdòdó, kò so. Ní 1841 ni Edmond Albius, ọmọ ẹrú tí kò ju ọdún 12 lọ ní erékùṣù Réunion, fi igi tín-ín-rín àti àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́ wọn bí a ti ń mú un so. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn àgbẹ̀ ń lò dòní. Àwọn obìnrin Papantla a máa fi èso gbígbẹ rẹ̀ hun òdòdó kéékèèké fún títà. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ fi sáàárín aṣọ nínú àpótí.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹja pupa tí a fi tòmátì àti èso ólífì sè ni wọ́n fi ń yangàn. *Aceituna* ni wọ́n ń pe ólífì yìí, kò sì sí ohun mìíràn bí kò ṣe zaytūn tí a mọ̀ nínú Al-Kùránì. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó jọba ní Sípéènì ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè wọn, bí *azúcar* tí í ṣe ṣúgà. Ní ilé kọfí, ẹ fi ṣíbí lu ife gbangan, ẹni tí ń bu mílíìkì yóò sì wá da mílíìkì gbígbóná sí i láti òkè téńté. Ẹ̀wà dúdú wọn dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó tọ́ ọ wò, ẹ bi alásè léèrè, nítorí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dín in.