Láti Ọ̀fàdà dé Ìfọ̀: Ohun Àtijọ́ àti Owó Rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ìrì tó gbẹ ní oko ìrẹsì, àwa àti àwọn ará díẹ̀ jáde kúrò ní Ọ̀fàdà, a sì forí lé Ìfọ̀ láti lọ wo oríta ọ̀nà irin.

A bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin Èkó ní 1896, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ní Ìfọ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà sí ìhà Ìlaròó. Ẹ̀ka náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní Kajọlà, tí kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀nà irin tuntun tí a ṣí ní 2021 ń kọjá, ó sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa wí pé: “Kí ìjọba ta ilẹ̀ ògbólógbòó yìí, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ti tuntun ṣe.” Bàbá àgbà kan dá a lóhùn pé: “Ọmọ mi, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yìí ti dé bá àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá. Ní Chatham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti kan ọkọ̀ ogun Victory tí a sọ sínú omi ní 1765, ìjọba ti ibùdó náà pa ní 1984. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn. Wọ́n kọ́ ilé sí apá kan, ṣùgbọ́n apá tí ó pẹ́ jùlọ ni wọ́n fi sí ọwọ́ àwọn olùtọ́jú, àwọn àlejò sì ń wò ó títí di òní. Ní Èkó tiwa ẹ̀wẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ogun tí a ṣí ní 1990 ni a ti kan ọkọ̀ NNS Andoni, tí a fi lé ọwọ́ àwọn ológun ní 2012. Bí a bá ti tà á, níbo ni àwọn ọmọ wa ìbá ti kọ́ iṣẹ́ náà?

Nítorí náà àwa kò wí pé títà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Ananíà jẹ́ tirẹ̀, ó sì lè tà á. Iye owó tí ó fi pamọ́ ni ó pa á. Ohun tí a kò lò mọ́, kí a tà á ní gbangba, kí a ka owó náà lójú gbogbo ènìyàn, kí a sì fi ṣe iṣẹ́ tí a dárúkọ. Ibi tí ọgbọ́n ọwọ́ sì wà, kí a má ṣe tà á. Owó a máa tán. Ilẹ̀ tí ó ti lọ kì í padà wálé.