Igi róòsì tí a kò lè gbé kúrò ní Makepe

Òjò ti ń rọ̀ kí bàálù wa tó balẹ̀ ní Douala, kò sì dá títí a fi dé Makepe. Oṣù Keje ni. Láti Èkó síbẹ̀ kò tó wákàtí méjì lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò tiwa. Nílé, òjò a máa sinmi díẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Ní Douala, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ gan-an ni ó ń le jù. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún lé ní 3,500 mílímítà, ó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ.

Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni a bá lọ. Àwa méjèèjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lọ bá àbúrò ìyá wa kó ẹrù ni. Àǹtí Douala ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Ó ti lé lógún ọdún tí àwọn àti ọkọ wọn ti ń gbé Makepe, níbi tí Bàbá ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní báyìí, onílé ti ta ilé. Ẹni tó rà á fẹ́ da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé kí mọ́tò lè ráyè dúró. Ìparí oṣù ni Àǹtí gbọ́dọ̀ jáde.

Makepe wà ní ìhà àríwá ìlú náà, nítòsí Bonamoussadi àti Kotto. Ojú ilẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Apá kan ga, ilé alájà wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ọgbà kékeré níwájú. Apá kan, bíi Makepe Missoke, wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, omi a sì máa wọlé tọ àwọn ará ibẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìkún-omi ńlá bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Douala. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní kòtò leji ń kọ́kọ́ rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí bí ọ̀rọ̀ róòsì náà ṣe rí nìyẹn.

A jókòó ti àwo ndolé, ewúro tí wọ́n fi ẹ̀pà àti edé sè, nígbà tí Àǹtí sọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn.

“Ọ̀rọ̀ ẹrù kò dùn mí. Àga, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ á wọ ọkọ̀. Igi Bàbá yín ńkọ́?”

Igi róòsì kan ni, níwájú ilé, ó ga tó àyà ènìyàn, òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni Bàbá rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ irú rẹ̀. Nínú gbogbo òjò yẹn, òdòdó mẹ́rin ṣì wà lórí rẹ̀.

Ó yà wá lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwa ti gbin róòsì n'Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú. A ti gbà pé òdòdó òyìnbó ni, pé kò fẹ́ràn ilẹ̀ wa. Aládùúgbò Àǹtí náà gbin méjì sẹ́bàá gọ́tà, kò sì sí èyí tó rí ọdún kejì. Kí ló dé tí èyí fi yè?

Àǹtí rẹ́rìn-ín. “Ọjọ́ tí Bàbá yín gbìn ín ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni.”

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ ni Bàbá wò kó tó gbin igi. Ohun tó ń pa róòsì nírú ìlú báyìí kì í ṣe oòrùn. Omi ni, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà. Àkọ́kọ́, bí omi bá dúró nídìí igi, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́, yóò sì jẹrà. Èkejì, bí ewé bá tutù fún wákàtí púpọ̀ láìgbẹ, àrùn àmì dúdú á wọlé. Irú olú kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Àmì dúdú á yọ lójú ewé, ewé á pọ́n, á sì máa já sílẹ̀ títí yóò fi ku ẹ̀ka lásán.

Nítorí náà, Bàbá kó iyẹ̀pẹ̀, yanrìn àti ilẹ̀dú pọ̀, wọ́n sì mọ ebè tó ga tó orúnkún, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń mọ ebè iṣu. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbin róòsì sí, kí omi lè ṣàn kúrò. Ìhà ìlà-oòrùn ilé ni wọ́n mọ ọ́n sí, kí oòrùn àárọ̀ lè tètè gbẹ òjò òru lára ewé. Róòsì fẹ́ oòrùn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán. Wọ́n fi nǹkan bíi mítà kan jìnnà sí ògiri kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, kí omi òrùlé má sì já lé e. Àwa n'Ìbàdàn, abẹ́ òrùlé gan-an ni a gbin tiwa sí, pé kó lè máa rí omi mu!

Ìtọ́jú tó kù kò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Àǹtí ń bu ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná yí ìdí rẹ̀ ká, kì í ṣe ìgbẹ́ tútù, torí ìyẹn a máa jó gbòǹgbò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan dára ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí òjò líle a máa fọ ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ewé tó bá ní àmì dúdú, wọ́n á ṣà á kúrò nílẹ̀, wọ́n á jù ú sí ààtàn tó jìnnà. Bí òjò bá dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, wọ́n á gé ẹ̀ka tó ti kú àtèyí tó ń forí kọ ara wọn láàárín, wọ́n á sì dín gíga igi náà kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì tí ilẹ̀ ń gbẹ, garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ìdí ni wọ́n ń bu ú sí, wọn kì í wọ́n ọn sórí ewé. Kò sí oògùn kankan tí wọ́n ń fín sí i.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo róòsì ló lè fara da èyí. Èyí tó ń fẹ́ ìtọ́jú díẹ̀ ni róòsì igbó kúkúrú, tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, tí kì í dáwọ́ òdòdó dúró. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní Amẹ́ríkà á ti mọ Knock Out, tí William Radler mú jáde ní Wisconsin, tó sì dé ọjà lọ́dún 2000. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé àrùn àmì dúdú kì í tètè mú un. Irú kan tún wà tó ti pẹ́ jù ú lọ, Old Blush, tó wá láti Ṣáínà, tó sì fẹ́ràn ibi tó móoru. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo ewé kí ẹ tó wo òdòdó: ewé tó ń dán tí kò ní àmì ni kí ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí igi tó wà nílẹ̀. Ilé tuntun Àǹtí ní Kotto wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fàráńdà nìkan ló ní. Igi ọlọ́dún méjìlá ti ta gbòǹgbò jìnnà, bí a bá hú u láàárín òjò, ó ṣeé ṣe kó kú sí wa lọ́wọ́. A ní kí a gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ̀ka kì í ṣe igi. Èyí tí ọwọ́ Bàbá yín kàn ni mo fẹ́.”

A kò kọ́kọ́ mọ ohun tí a ó sọ. Lẹ́yìn náà ni a rántí Old Blush. Ó ti lé ní igba ọdún tó ti dé Yúróòpù, ẹ̀ka tí wọ́n ń gé lára rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbìn tàbí tí wọ́n ń lọ́ mọ́ igi mìíràn títí dòní. Igi tó hù láti inú èso jẹ́ ọmọ. Èyí tó hù láti ara ẹ̀ka kì í ṣe ọmọ rárá, igi kan náà ni, tó wà ní ibòmíràn. A sọ fún Àǹtí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ọ̀bẹ wá.

Ẹ̀ka méjìlá ni a gé, èyí tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ lórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, a sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ oríkèé. A já ewé rẹ̀ kúrò, ó ku méjì lókè. A kó yanrìn àti ilẹ̀dú sínú ike tí a ti lu ní ìdí, a ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́ dé ìdajì, a wá fi ìgò omi oníke tí a gé ìdí rẹ̀ bò ó. Ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti pa á, tí òjò kò sì kàn án, ni a gbé e sí. Àǹtí á máa ṣí ìgò náà lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ilẹ̀ rẹ̀ á tutù díẹ̀, kò ní rin gbingbin.

Ó wù wá kí a mú méjì bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀gbìn kì í kọjá ẹnubodè láìní ìwé àyẹ̀wò, nítorí àrùn àti kòkòrò lè bá a rìn. A fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Àǹtí.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Àǹtí pè wá. Kọnkéré ti bo ibi tí ebè wà. Nínú ẹ̀ka méjìlá, márùn-ún ló ta gbòǹgbò. Wọ́n ti fún aládùúgbò wọn àtijọ́ ní ọ̀kan, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbìn ín sẹ́bàá gọ́tà mọ́. Mẹ́rin wà ní fàráńdà, níbi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn wọ́n.

“Bàbá yín ti dé Kotto,” ni Àǹtí wí. Wọ́n wá béèrè bóyá àwa náà ti mọ ebè n'Ìbàdàn. A ní a ó mọ ọ́n lọ́jọ́ Sátidé.