Àgbò Ńlá Tó Dójú Tì Mí

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Lọ́dún 2022, owó oṣù tí mo tù jọ ni mo fi ra àgbò Iléyá fún ìyá mi. Àgbò ọ̀hún ga, ó funfun, etí rẹ̀ gùn wálẹ̀. Balámì ni àwọn Hausa ń pè é. Mo fẹ́ kí ará ilé wa mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá tí mo kà kò já sásán.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la ọdún ni mo rà á n'Íbàdàn. A dè é lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gbá irun rẹ̀ mú, a jù ú sínú búùtù takisí, ó di Ìsẹ́yìn nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí a dé, ahọ́n ti yọ síta. Kò tíì mu omi tí àwọn ọmọdé fi fà á lọ bá àgbò míì kàn.

A kírun tán lọ́jọ́ kejì, a pa á. Áà! Ẹran dúdú bí ẹ̀dọ̀, ó gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sí itan rẹ̀ níbi tó ti fara gbá irin; gígé la gé ibẹ̀ dànù. Ká tó fi pín fún àwọn àna wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ń rùn. Àgbò ìbílẹ̀ kékeré tí aládùúgbò wa pa lọ́jọ́ kan náà pọ́n dáadáa, kò sì rùn. Ìyá mi kò bú mi. Ó kàn wò mí ni. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Dókítà ẹran kan ló là mí lójú. Ó ní súgà wà nínú ẹran ara àgbò. Bí a bá pa á lẹ́yìn tó ti sinmi, súgà yẹn á di kíkan díẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹran pọ́n, kó sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àgbò tó ti jà, tí ẹ̀rù ti bà, á ti ná súgà rẹ̀ tán kó tó rí ọ̀bẹ.

Mo ní, "Irú ẹ̀ ńkọ́, sà?" Ó ní irú ló ń fún àgbò ní gíga àti ẹran púpọ̀, ìtọ́jú ló ń sọ bí ẹran náà yóò ṣe rí. Ó ní ilẹ̀ gbígbẹ òkè ọya ni Balámì mọ̀. Ìbílẹ̀ tiwa kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè fara da àìsàn tí eṣinṣin inú igbó ń kó ran ẹran.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ tètè rà á. Ẹ má gbá a nírun mú, ẹ má jù ú. Ẹ so ó síbòji, kí omi má wọ́n ọn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dá oúnjẹ dúró kí ìfun má kún, ṣùgbọ́n ẹ má gba omi lẹ́nu rẹ̀. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ dáadáa níbi tí kò ti ní rí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ro tán.

Lọ́dún 2023, ìbílẹ̀ kékeré ni mo rà, ó lo ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìnkùlé wa kó tó di ọdún. Nígbà tí a là á, ìyá mi fọwọ́ kan ẹran náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọkọ mi, ẹran rèé!"